Ẹ̀kọ́ onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn

Onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń ronú, bí nǹkan ṣe ń rí lára rẹ̀ àti bó ṣe ń hùwà. Ní Ìbàdàn, dìgírì àkọ́kọ́ nìkan kì í sọ ẹnikẹ́ni di onímọ̀ tó lè dá jókòó ti aláìsàn. Dìgírì kejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú iṣẹ́ ilé ìwòsàn lábẹ́ ojú ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, àwọn kan sì máa ń bá a dé oyè ọ̀mọ̀wé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa bá pàdé ní kílíníìkì ń sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ti le.

Àwọn ará ìlú sábà máa ń pe onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ní "dókítà wèrè", orúkọ tí kò dùn ún gbọ́, tí kò sì tọ̀nà. Dókítà ọpọlọ ti kọ́kọ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó ti ṣe iṣẹ́ dókítà fún ọdún kan lábẹ́ àbójútó, kó tó wá lọ kọ́ ti ọpọlọ fún ọdún mélòó kan sí i. Òun ló lè kọ oògùn fún aláìsàn. Onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì kì í kọ oògùn: ọ̀rọ̀ ló fi ń tọ́jú èèyàn, pẹ̀lú ìdánwò ọpọlọ àti àwọn ọ̀nà tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti yí ìwà àti èrò rẹ̀ padà. Àwọn méjèèjì sì máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní wọ́ọ̀dù kan náà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1948 ni wọ́n dá yunifásítì Ìbàdàn (UI) sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó dá dúró ní 1962. Ilé ìwòsàn rẹ̀, UCH, ṣí ilẹ̀kùn ní 1957. Ìmọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ ló kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, ní 1963, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta. Lambo ti gbajúmọ̀ kó tó dé Ìbàdàn nítorí ohun tó ṣe ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, ní Abẹ́òkúta. Láti 1954 ló ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí tó tẹ̀ lé wọn wá, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú láti ibẹ̀, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di gíwá UI, kó tó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹ̀ka Sàíkọ́lọ́jì ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1976, kì í sì í ṣe abẹ́ àwọn oníṣègùn ló wà bí kò ṣe lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ àwùjọ. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba kíláàsì nínú ọgbà UI, tó sì ń sọdá lọ sí UCH fún iṣẹ́ ilé ìwòsàn.

Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀

Ọdún mẹ́rin ni dìgírì àkọ́kọ́ fún ẹni tó gba JAMB wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgùnbánirọ̀ ọdún kan, fún ẹni tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Nígbà tó bá fẹ́ gba dìgírì kejì ló máa yan ẹ̀ka: ti ìtọ́jú, ti iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tàbí ti ìbágbépọ̀ láwùjọ. Ẹni tí ìgbaninímọ̀ràn bá wù ní tirẹ̀ máa ń forí lé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́. Láti 2011 sì ni ibùdó kan ti wà ní UI fún ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí òun náà ń fúnni ní dìgírì kejì. Ẹ̀ka ìtọ́jú nìkan ni àpilẹ̀kọ yìí máa tẹ̀ lé.

Kíláàsì, ìdánwò, iṣẹ́ ilé ìwòsàn àti iṣẹ́ ìwádìí ló para pọ̀ di dìgírì kejì. Ìwádìí tó bá kan aláìsàn UCH gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jáde, ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń bi í ni pé, "Ṣé o rí PhD grade gbà?" Máàkì 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń sọ: ẹni tó bá dé ibẹ̀ lè wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé tààrà. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ ṣì lè ríṣẹ́ ṣe ní ilé ìwòsàn, nítorí dìgírì kejì ni wọ́n sábà ń béèrè níbẹ̀, pẹ̀lú àkókò ìkọ́ṣẹ́.

Kàlẹ́ńdà tó wà nínú ìwé kì í sábà bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an mu. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko nìyẹn.

Yorùbá nínú yàrá ìtọ́jú

Ẹ jẹ́ ká mú ìdánwò kékeré kan tí wọ́n ń lò káàkiri ayé láti mọ bí iyè èèyàn ṣe jí sí. Wọ́n á ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún, kó máa yọ méje méje. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ nọ́ńbà lásán ni ìdáhùn. Lédè Yorùbá, ìṣirò ni ìdáhùn fúnra rẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún: àádọ́rùn-ún, pẹ̀lú mẹ́ta lórí rẹ̀. Èkejì ni mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún: àádọ́rùn-ún kan náà, ṣùgbọ́n a ti yọ mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ni mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ìyẹn ogún lọ́nà mẹ́rin ó dín ọ̀kan. Màmá àgbà tó ń ṣe èyí ń ru ẹrù méjì pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sì ro ti èyí lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé iyè rẹ̀ ti ń lọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di owó, tí wọ́n ní "Mo fún yín ní ọgọ́rùn-ún náírà, ẹ ra àkàrà náírà méje", ẹni tó ti tajà rí lè dáhùn kíá, àfi bó bá fẹ́ fi owó tí àkàrà ń jẹ nísinsìnyí pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rìn-ín.

Irú ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun ní Ìbàdàn. Ní 1992 ni àwọn oníwádìí UI àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣe ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Wọ́n ní láti lo ìdánwò tí kò ní kó wàhálà bá ẹni tí kò kàwé, torí pé ẹni tí kò mú gègé rí kò lè fi ìwé kíkọ hàn pé iyè òun pé.

Ìwé ìbéèrè náà ní wàhálà tirẹ̀. Ìlànà ni pé kí ẹnì kan tú u sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ tún un tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n wá fi méjèèjì wéra. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ lè yege níbẹ̀ kó má sì jọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni. "Ǹjẹ́ ẹ ti pàdánù oorun nítorí àníyàn?" máa padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìlábùkù. Bàbá tó wá láti Òjé máa wo akẹ́kọ̀ọ́ ṣùn-ùn. Bí wọ́n bá bi í pé, "Bàbá, ṣé ìrònú ń gba oorun lójú yín?", ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Aláìsàn pẹ̀lú ní èdè tirẹ̀. Kì í sábà sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe òun. Á ní orí òun ń gbóná, àyà òun ń já, tàbí nǹkan kan ń rìn lára òun. Èyí tó lágbára jù ni òwe. Bí ẹni tí gbèsè bò mọ́lẹ̀ bá mí kanlẹ̀, tó ní "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ", ó lè jẹ́ òwe lásán, ó sì lè jẹ́ pé ó ti ra oògùn eku sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti má fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá, kó rọra béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì béèrè ní ṣàkó. Ẹ̀rù lè má jẹ́ kí aláìsàn dáhùn, torí pé láti ayé ìjọba amúnisìn ni ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti ka ìgbìyànjú láti para ẹni sí ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Ìforúkọsílẹ̀

Àjọ MDCN ló ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò kan onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì. Àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ní ẹgbẹ́ ti wọn, NPA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984, àwọn ti ẹ̀ka ìtọ́jú náà sì ní ẹgbẹ́ tó jẹ́ tiwọn nìkan. Jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ìforúkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin, àbá òfin láti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà sì ti dé iwájú àwọn aṣòfin ní Àbújá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ lórí àwọn tí wọ́n ń pè ní wèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àti ìtọ́jú aláìsàn ló gbájú mọ́.

Òkè òkun ni orúkọ náà ti ní ẹ̀ṣọ́ gidi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ àjọ tí wọ́n ń pè ní HCPC lónìí ni iṣẹ́ yìí ti wà láti 2009, oyè ọ̀mọ̀wé ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n sì ń gbà fún ẹ̀ka ìtọ́jú níbẹ̀. Gúúsù Áfíríkà gba dìgírì kejì, pẹ̀lú ìkọ́ṣẹ́ oṣù méjìlá àti ìdánwò. Ọsirélíà ní tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọ̀nà ọdún mẹ́rin ẹ̀kọ́ àti ọdún méjì ìkọ́ṣẹ́ mọ́ àwọn ẹni tuntun ní 2022.

Ohun tí irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàwé jáde ní Ìbàdàn ju ìwé ẹ̀rí lọ: wákàtí mélòó lo lò pẹ̀lú aláìsàn, ta ló sì ń wò ọ́? Ẹni tó bá ti ń kọ ọjọ́, wákàtí àti irú iṣẹ́ sínú ìwé kan láti ìgbà ìkọ́ṣẹ́, tí alábòójútó sì ń buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ìdáhùn lọ́wọ́. Ẹni tí kò kọ ọ́ ní láti padà lọ wá alábòójútó náà, tó ṣeé ṣe kó ti fẹ̀yìn tì, tàbí kó ti ṣáájú rẹ̀ já pa.