Níbo Ni Àmì Orí DNA Inú Kókó Táírọ́ọ̀dì Ti Ṣẹ̀?

Orúkọ ló sábà máa ń ṣi àwọn òpìtàn lọ́nà. Nítorí pé Conrad Waddington, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ará Britain, ló dá ọ̀rọ̀ náà, epigenetics, tí à ń fi pe ẹ̀kọ́ nípa àmì orí DNA lónìí, sílẹ̀ lọ́dún 1942, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní baba àmì tí à ń wá nínú kókó táírọ́ọ̀dì (kókó tó ń yọ lọ́rùn) lónìí. Mẹ́táìlì (methyl) ni àmì náà, ìdìpọ̀ átọ̀mù kékeré tó ń jókòó sórí DNA. Ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ kọ́ ló bí i. Bí ọlẹ̀ ṣe ń di odidi ẹ̀dá ni Waddington ń rò. Kò mú èròjà kankan dání tó lè nàka sí pé òun nìyí. Ó di ọdún 1944 kí Avery, MacLeod àti McCarty tó fi hàn pé DNA ló ń gbé àbùdá.

Yàrá ìwádìí Rollin Hotchkiss, ní Rockefeller Institute kan náà tí Avery ti ṣiṣẹ́ ní New York, ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Lọ́dún 1948, Hotchkiss tú DNA inú thymus ọmọ màlúù palẹ̀, ó kán an sórí bébà, ó sì jẹ́ kí ohun olómi máa wọ́ àwọn èròjà rẹ̀ lọ. Èròjà kọ̀ọ̀kan ní ibi tó máa ń dé dúró. Mẹ́rin ni wọ́n retí: adenine, guanine, cytosine àti thymine. Àbàwọ́n kékeré karùn-ún wá yọjú lẹ́bàá cytosine, ó ṣíwájú rẹ̀ díẹ̀. Bí thymine náà ṣe ń ṣíwájú uracil, èròjà mìíràn tó jọ ọ́, nìyẹn, mẹ́táìlì kan ṣoṣo ló sì fi yàtọ̀ sí i. Hotchkiss ro ó pé cytosine tó ru mẹ́táìlì ni yóò jẹ́, ó sì pè é ní epicytosine.

Ẹ wo epi níbẹ̀! Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ni, torí “lórí” ni epi túmọ̀ sí lédè Gíríìkì. Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé ti Hotchkiss ló bá ohun náà mu jù: mẹ́táìlì jókòó sórí cytosine ní ti gidi. Ká ní ẹnì kan kán DNA táírọ́ọ̀dì sórí bébà yẹn lọ́dún náà ni, àbàwọ́n kan náà ni ì bá rí. (Thymus kì í ṣe táírọ́ọ̀dì o. Inú àyà ni thymus wà. Ọrùn ni táírọ́ọ̀dì wà, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Thomas Wharton ló fún un lórúkọ lọ́dún 1656, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí asà.) Johnson àti Coghill ti kéde irú èròjà yìí lọ́dún 1925 nínú kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àmọ́ àwọn tó tún un wò kò rí i. A kò ní í pẹ́ lórí ìyẹn.

Ẹni tó mọ àmì ohùn ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀: lẹ́tà kò yí padà, ohun tó wà lórí rẹ̀ ló yí. Bí mẹ́táìlì bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà jíìnì (apá DNA tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ kan), níbi tí C (cytosine) àti G (guanine) ti ṣù jọ, sẹ́ẹ̀lì kò ní í ka jíìnì náà mọ́, bí lẹ́tà rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà DNA kì í rí mẹ́táìlì. Lọ́dún 1970, Hayatsu àti Shapiro, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, rí i pé bisulfite, kẹ́míkà kan, ń sọ cytosine di uracil, tí ẹ̀rọ á kà bíi thymine. Èyí tó ru mẹ́táìlì kì í sábà yí, òun ni Marianne Frommer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney fi sọ ọ́ di ọ̀nà ìkàwé lọ́dún 1992. Nínú ìlànà Herman àti Baylin ti ọdún 1996, a ó fi sodium hydroxide 0.2 M ya okùn DNA 1 µg sọ́tọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 ní 37°C. A ó da hydroquinone àti sodium bisulfite 3 M tí pH rẹ̀ jẹ́ 5 sí i, a ó fi í sílẹ̀ ní 50°C fún wákàtí 16. A ó fọ̀ ọ́, a ó tún fún un ní sodium hydroxide fún ìṣẹ́jú 5. Bí okùn méjèèjì kò bá yà tán, bisulfite kò ní í dé inú rẹ̀. Cytosine lásán yóò dúró bí èyí tó ru mẹ́táìlì, a ó sì máa pe jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní èyí tó ti dákẹ́. Bó bá pẹ́ jù, DNA á já wẹ́wẹ́. Èyí tó ti inú ẹran ara tí wọ́n fi formalin tọ́jú wá ti já tẹ́lẹ̀, nítorí náà ibi kúkúrú ni kí a máa kà nínú rẹ̀.

Láti ibẹ̀, eré ni ìtàn náà ń sá. Lọ́dún 1999, Venkataraman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi azacytidine, oògùn tó ń dín mẹ́táìlì orí DNA kù, ṣí NIS, jíìnì ilẹ̀kùn tí áyódìnì ń gbà wọlé, padà nínú àwọn kan lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ táírọ́ọ̀dì. TSHR, jíìnì mìíràn tí mẹ́táìlì ń pa lẹ́nu mọ́, tẹ̀ lé e lọ́dún 2003. Irú àwọn jíìnì bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, TIMP3, SLC5A8 àti DAPK, dé lọ́dún 2006. Nígbà tó di 2014, TCGA, ìwádìí ńlá ti Amẹ́ríkà lórí àbùdá jẹjẹrẹ, ti yẹ kókó jẹjẹrẹ táírọ́ọ̀dì 496 wò.

Àwọn kan ní òjìji lásán ni àmì wọ̀nyí jẹ́ fún BRAF, jíìnì tí lẹ́tà rẹ̀ sábà máa ń yí padà nínú jẹjẹrẹ táírọ́ọ̀dì. RASSF1A, jíìnì tó ń dènà jẹjẹrẹ, já wọn nírọ́: ó ń dákẹ́ nínú kókó tí BRAF rẹ̀ kò yí, kódà nínú èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí òun nìkan kò fi lè ya kókó búburú kúrò lára èyí tí kò léwu. Nínú omi tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà láti inú kókó, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ a máa bo ti kókó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n mẹ́táìlì nínú ọgọ́rùn-ún ni kí a kọ sílẹ̀, kì í ṣe “ó wà” tàbí “kò sí”.