Ẹrù ọjọ́ mẹ́ta nínú káyáàkì: ilé ni kẹ́ ẹ ti dì í, Ẹlẹ́yẹlé ni kẹ́ ẹ ti dán an wò

Ọkùnrin kan lára àwọn tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa káyáàkì (ọkọ̀ ojú omi tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà) kó ẹrù ẹ̀ wá bá mi nílé ní Ológunẹ̀rú n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, torí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká gbéra lọ lo ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní kó tú u sílẹ̀. Kúlà ńlá kan, irọ̀rí, sítóòfù gáàsì olójú méjì, jíǹsì mẹ́ta, bàtà aláwọ, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré, mi ò parọ́, jẹnẹrétọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo wá bi í pé omi mímu dà, ó wò mí bíi pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí orí omi náà la ń lọ."

Òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìgbì ló máa ń rò, nǹkan tó wà nísàlẹ̀ omi ló máa ń rò, màmá tèmi gan-an tó fojú rí Omíyalé Ògùnpa lóṣù kẹjọ 1980 ò tíì gbà títí dòní pé ọmọ tórí ẹ̀ pé á máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ bá omi. Àmọ́ nínú gbogbo ìrìn tó dàrú lójú mi, ẹrù ló sábà máa ń dà á rú. Ó pọ̀ jù, tàbí wọ́n kó o síbi tí ò yẹ, tàbí omi mímu ti tán lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí omi mímu bẹ̀rẹ̀, torí òun ló wúwo jù. Omi òkun ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, ẹni tó bá mu ún, omi tí ara ẹ̀ máa fi tọ iyọ̀ yẹn dànù ju èyí tó mu lọ, òùngbẹ ló ń rà sára. Ọ̀sà Èkó náà, tó bá dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò ò gbé omi òjò wá tó bẹ́ẹ̀ mọ́, iyọ̀ òkun á wọ inú ẹ̀. Ọ̀sà Lẹ́kí tó wà lápá ìlà oòrùn Ẹ̀pẹ́ ò níyọ̀ tó yẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń tú síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́nu lé e. Nínú oòrùn tiwa yìí, lítà mẹ́rin ni mo máa ń kà fún ẹnì kan lójúmọ́, mímu àti sísè. Ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 12, ẹ wá fi ti ọjọ́ kan lé e torí ìjì lè dá yín dúró síbì kan, ó di lítà 16, kìlò 16 nìyẹn kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun mìíràn. Báàgì píọ̀ wátà kan, ogún ọ̀rá ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlàjì lítà, ìyẹn lítà mẹ́wàá. Mo fẹ́ràn píọ̀ wátà torí ó ṣeé há sí gbogbo kọ̀rọ̀ inú ọkọ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń mu ún lẹrù náà ń fúyẹ́, àmọ́ tí igun agolo sàdíìnì bá gún un pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, gbogbo inú ibẹ̀ á tutù. Márùn-ún márùn-ún ni mo máa ń kó sínú ọ̀rá dúdú tó nípọn, mo á wé e ní ìlọ́po méjì, mo á wá fi kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún kan tì í lẹ́yìn.

Ibo lẹ máa wá kó o sí? Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Káyáàkì òkun gùn bíi mítà márùn-ún, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 60 lọ, wọ́n dá inú ẹ̀ sí yàrá yàrá, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ̀yin jókòó láàárín, ògiri inú ọkọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀ kí omi tó bá wọ ọ̀dọ̀ yín má baà dé ọ̀dọ̀ ẹrù. Yàrá yẹn rí bíi kèrègbè, inú ẹ̀ tóbi, ẹnu ẹ̀ ò tó nǹkan, ìdí nìyí tí àpò ńlá kan ò fi lè wọ̀ ọ́, ẹ kó ẹrù yín sí àpò kéékèèké tí omi ò lè wọ̀, mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ohun tó wúwo, omi, agolo, sítóòfù, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ pátápátá, kó sún mọ́ ìjókòó yín níwájú àti lẹ́yìn. Ohun fífúyẹ́ bí aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ni kó lọ síbi ṣóńṣó ọkọ̀ méjèèjì.

Ìyà tó jẹ mí ló kọ́ mi. Ìrìn mi àkọ́kọ́, láti Ẹ̀pẹ́ la forí lé apá Ìkòròdú, mo kó gbogbo omi mi sí yàrá ẹ̀yìn torí ó yá mi lára láti máa fà á yọ níbẹ̀. Láàárọ̀ kò sí wàhálà. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan ọ̀sán tí atẹ́gùn òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá láti apá òsì níwájú mi, ìdí ọkọ̀ ti rì, orí ẹ̀ fúyẹ́, atẹ́gùn bá ń gbá orí ọkọ̀ lọ sápá ọ̀tún ṣáá bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Apá ọ̀tún nìkan ni mo fi wà á fún bíi wákàtí méjì kó tó lè lọ gbọọrọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò lè gbé síbí ìjẹun dé ẹnu, ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi bu gààrí. Tó bá jẹ́ iwájú ni mo di ẹrù wúwo yẹn sí, òdìkejì ẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀, orí ọkọ̀ á máa wá ojú atẹ́gùn kiri. Kìlò márùn-ún péré tẹ́ ẹ bá sún láti ẹ̀yìn wá síwájú lè tún gbogbo ẹ̀ ṣe.

Ìdí tí mo fi ń pariwo Ẹlẹ́yẹlé nìyẹn. Dáàmù tí wọ́n ti ṣe sórí odò Ọ̀nà láti 1942 wà nítòsí wa, omi ibẹ̀ dákẹ́, ẹ bá àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ àtàwọn apẹja sọ̀rọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ sí i. Gbogbo ẹrù tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ, gbogbo ẹ̀ pátá, tó fi mọ́ omi, ẹ kó o sínú ọkọ̀ létí omi níbẹ̀ (ẹ má kó o sínú ẹ̀ lókè kẹ́ ẹ tó máa gbé e bọ̀, ẹ̀yìn yín á kán, ọkọ̀ náà lè sán), kẹ́ ẹ wà á fún wákàtí kan. Ẹ máa rí i pé ọkọ̀ tó rù kì í mì tó èyí tó ṣófo, àmọ́ ó lọ́ra láti yí, ó sì lọ́ra láti dúró. Kẹ́ ẹ tó gòkè, kí ẹnì kan dúró nínú omi tì yín níbi tí ò jìn, kẹ́ ẹ dojú ọkọ̀ dé mọ̀ọ́mọ̀, kẹ́ ẹ jáde lábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ di ọkọ̀ náà mú, kẹ́ ẹ tún un kọjú sókè, kẹ́ ẹ padà gùn ún, kẹ́ ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa omi jáde. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ wá tú àwọn àpò yẹn, ẹ ó mọ èyí tó ń jo. Àpò tí omi ò wọ̀ yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó ká ẹnu ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á wú bíi bàlúùnù, kò ní wọlé.

Oúnjẹ ò le. Gààrí Ìjẹ̀bú, kúlíkúlì, ẹja gbígbẹ, sàdíìnì, Indomie, dòdò Ìkirè tẹ́ ẹ lè máa jẹ lórí ọkọ̀ láìdúró, mọ́ínmọ́ín ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ fi ẹ̀wà sílé, gáàsì yín á tán lórí ìkòkò kan. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé ọ̀rá gààrí ò jò, mo ti rí èyí tó di ẹ̀bà nínú ọkọ̀ kó tó dọ́sàn-án.

Aṣọ, ọ̀nà méjì péré: jẹ́sì àti ṣòkòtò bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ máa wọ̀ lójú omi, tẹ́ ẹ sì máa tún wọ̀ ní tútù láàárọ̀ ọjọ́ kejì bó ti wù kó bí yín nínú tó, àti ọ̀kan gbígbẹ fún alẹ́ tẹ́ ò gbọdọ̀ wọ̀ lórí ọkọ̀. Jíǹsì, rárá. Ẹ mú fìlà tó bo etí, kẹ́ ẹ sì fi òrí pa abẹ́ apá àti àtẹ́lẹwọ́, torí iyọ̀ àti àjẹ̀ á jọ bó yín láwọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, oògùn ibà, sáṣẹ́ẹ̀tì ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tí omi ara ẹ̀ ń tán) mẹ́ta mẹ́rin. Láífù jákẹ́ẹ̀tì, ọrùn yín ni kó wà kì í ṣe orí ọkọ̀, fèrè kó wà lára ẹ̀, fóònù nínú ọ̀rá ẹ̀ kó wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì yẹn, nọ́ńbà pàjáwìrì 112 tàbí 767 ti Èkó. Nẹ́tíwọ̀kì lè má sí o, nítorí náà ẹ kọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà sínú ìwé fún ẹnì kan nílé, kẹ́ ẹ sọ aago tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn tí ò bá gbóhùn yín.

Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kẹ́ ẹ ti gòkè kó tó di aago méjìlá tàbí kan, kìlómítà 15 lójúmọ́ tó fún ẹni àkọ́kọ́. Láti oṣù kọkànlá sí ìkejì ló dáa jù, àmọ́ tí ọyẹ́ bá bo òdìkejì ọ̀sà tẹ́ ò rí i, ẹ dúró kó ká. Ní oṣù kẹta, ìkẹrin, ìlà oòrùn ni kẹ́ ẹ máa wò, ibẹ̀ ni ìjì líle máa ń gbà wá, tójú ọ̀run bá ti dúdú níbẹ̀ ẹ má ṣe ronú, ẹ wá ilẹ̀. Òkun gangan, ìyẹn lẹ́yìn etíkun Lẹ́kí, ẹ fi dìgbà mìíràn, wíwọ inú omi ò le tó jíjáde padà sórí ilẹ̀, ìgbì tó ń fọ́ létí ibẹ̀ lè dá ọkọ̀ tó rù sí méjì lórí yín.

Níbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ má pàgọ́ sábẹ́ igi àgbọn. Ẹ wọ́ ọkọ̀ kọjá ibi tẹ́ ẹ ti rí ìdọ̀tí tí omi kó jọ, torí omi yẹn lè padà wá lóru, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ igi.

Ọkùnrin mi ọjọ́sí padà wá ní Sátidé tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ ti lọ, kúlà ti lọ, píọ̀ wátà dé. Irọ̀rí ló ṣì dì mú. Mo ní kó mú àpò ẹ̀ nìkan dání, tó bá dalẹ́ kó rọ aṣọ gbígbẹ sínú ẹ̀.