Bí 2,147,483,647 ṣe jẹ́ práìmù, àti ibi tó ti ń há kọ̀ǹpútà lọ́rùn

Àwọn tó ń kọ sọ́fíwíà ní Yábàá mọ nọ́ńbà yìí dáadáa. Òun ni òpin iye tí àyè oní-bíìtì 32 sábà máa ń gbà nínú kọ̀ǹpútà (bíìtì ni ihò kékeré tó ń gba 0 tàbí 1): bíìtì kan ń sọ bóyá iye náà wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, 31 tó kù ló ń gbé iye. Bí sọ́fíwíà ṣọ́ọ̀bù kan ní Balógun bá ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ka owó ní kọ́bọ̀, ₦21,474,836.47 ni yóò kà dé. Owó léèsì nìkan lè kọjá ìyẹn kí ọdún tó parí.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà ti lókìkí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Bẹ̀rẹ̀ láti 1, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 31, kí o wá yọ 1 kúrò: òun lo máa rí. Ní 1772, onímọ̀ ìṣirò kan, Leonhard Euler, fi hàn pé práìmù ni, ìyẹn ni pé yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù.

Gègé àti bébà ló fi ṣe é. Bí nọ́ńbà méjì bá lè sọ ara wọn di púpọ̀ kí wọ́n sì bí i, ọ̀kan nínú wọn kò lè ju 46,340 lọ. Àmọ́ práìmù tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn lé ní 4,000. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ pín gbogbo ìyẹn?

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ dùn. Ká ní práìmù kan pín in lóòótọ́. Bí a bá ń ṣe ìlọ́po méjì láti 1, tí a sì ń wo ohun tó ń ṣẹ́ kù tí a bá fi práìmù yẹn pín in, ìṣẹ́kù náà á máa yí po bí ọjọ́ ọjà, á padà di 1 ní ìgbà 31 gẹ́lẹ́. Òfin Fermat, òfin ìṣirò kan nípa práìmù, sì sọ pé irú àyípo bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pín práìmù náà láìṣẹ́kù tí a bá ti yọ 1 nínú rẹ̀. Nítorí náà, 31 pín ohun tó kù; 2 náà pín in, torí 2 kò lè pín práìmù ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé tí a bá fi 62, ìyẹn 31 lọ́nà 2, pín práìmù ọ̀hún, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Wò ó lára kékeré: ìlọ́po méjì nígbà 11 láti 1, tí a yọ 1 nínú rẹ̀, jẹ́ 2,047, ìyẹn 23 lọ́nà 89. Fi 22 pín 23 tàbí 89, 1 ló máa ṣẹ́ kù.

Euler tún mọ̀ pé tí a bá fi 8 pín wọn, 1 tàbí 7 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ohun tó yẹ ní dídánwò wá dín sí iye tí kò tó 100. Èyí àkọ́kọ́ ni 311, ó sì ṣẹ́ ku 35. Kò sí ìkankan nínú àwọn yòókù tó pín in tán.

Jíjẹ́ práìmù yìí kò kan kọ̀ǹpútà rárá o. Ìlọ́po méjì nígbà 29, tí a yọ 1 nínú rẹ̀, kì í ṣe práìmù, 233 pín in, síbẹ̀ òpin ni ì bá jẹ́ fún àyè tó bá gbà á. Èyí tó kan kọ̀ǹpútà ni aago: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970, iye náà yóò sì kún àyè oní-bíìtì 32 ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7, òwúrọ̀ ọjọ́ 19 oṣù kìíní 2038, ní aago Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn, iye náà á fò lọ sísàlẹ̀ òdo, ẹ̀rọ tí wọn kò bá tíì gbé lọ sórí àyè oní-bíìtì 64 nígbà náà yóò sì rò pé 1901 ni òun wà.