Ọmọ Ọ̀dọ̀ Orí Kẹ̀kẹ́: Bí Ẹgbẹ́ Agunkẹ̀kẹ́ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, ẹ̀wù ẹni tó borí, lọ sílé bí Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, bá parí, bẹ́ẹ̀ sì ni èèyàn mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ni iṣẹ́ àwọn méje yòókù? Àwọn Faransé ti sọ ọ́ nínú orúkọ tí wọ́n fún wọn: domestique, ọmọ ọ̀dọ̀. Láàárín àwọn agunkẹ̀kẹ́, orúkọ náà kì í ṣe èébú.

Afẹ́fẹ́ ló fa gbogbo ètò yìí. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sáré tó kìlómítà 40 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹni tó ń gùn ún. Ẹni tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíì, tí táyà iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà ẹ̀yìn onítọ̀hún, lè fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́. Nítorí náà, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fàyà gba afẹ́fẹ́ látàárọ̀, kí ara aṣíwájú, ẹni tí ẹgbẹ́ fẹ́ kó borí, lè le dìgbà tí wọ́n bá kan òkè. Bí táyà aṣíwájú bá jò, tí mọ́tò ẹgbẹ́ sì jìnnà, ọmọ ọ̀dọ̀ á yọ táyà tirẹ̀ fún un. Bí gíga wọn bá dọ́gba, ó lè gbé odindi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó wá dúró létí títì.

Iṣẹ́ omi ló dùn ún wò jù. Ọmọ ọ̀dọ̀ á rọra fà sẹ́yìn títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mọ́tò tí ọ̀gá wọn wà, ọ̀gá tó ń fi rédíò darí wọn. Wọ́n á máa na ike omi sí i lójú fèrèsé, òun náà á máa kì wọ́n bọ inú ẹ̀wù, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi wú bí ti ìyá tó pọn ìbejì. Ó tún wá kù kó sáré bá àwọn tó wà níwájú. Nígbà míì, ẹni tó wà nínú mọ́tò kì í tètè jọ̀wọ́ ike: àwọn méjèèjì á jọ dì í mú, mọ́tò á sì máa fa kẹ̀kẹ́ lọ. Adájọ́ tó bá rí i á bu owó ìtanràn lé wọn. Ẹgbẹ́ tí ẹni rẹ̀ wà nípò tó ga jù ni mọ́tò rẹ̀ ń ṣíwájú àwọn tó kù, nítorí náà ọmọ ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí kò rọ́wọ́ mú ni ọ̀nà omi rẹ̀ jìn jù.

Ní 2024, Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó borí nínú ìrìn ọjọ́ kan ní Tour de France. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló borí lọ́dún náà, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ẹ̀wù ẹni tó kó máàkì jọ jù. Orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni Intermarché–Wanty, orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀: ilé ìtajà àti ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé. Ọ̀fẹ́ ni wíwo ìdíje létí ọ̀nà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ lè tà, owó onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń jẹ. Bí onígbọ̀wọ́ bá kó owó rẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ lè tú ká, bó tilẹ̀ ṣe pé wọ́n ń borí.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á fi òróró ra iṣan ẹsẹ̀ àwọn agunkẹ̀kẹ́, àwọn alátùnṣe á sì fọ kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì. Òfin ni pé kẹ̀kẹ́ ìdíje kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kílò 6.8 lọ, àpò sìmẹ́ńtì kan wúwo ju méje irú rẹ̀ lọ. Ìrìn ọjọ́ 21 ni wọ́n ń ṣe, ìsinmi kò ju ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ òkè, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lè parí nígbà tí òkè tó kẹ́yìn bá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Àkókò wà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ẹni tó borí. Bó bá kọjá, wọ́n á lé e kúrò, ẹgbẹ́ kò sì lè fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ti rẹ̀ láti inú oríṣiríṣi ẹgbẹ́ á kó ara wọn jọ, wọ́n á máa ṣírò ìṣẹ́jú tó kù bí wọ́n ṣe ń gun òkè náà pọ̀.