Iná lọ, omi ń padà bọ̀

Ní nǹkan bí aago méjì òru ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Bàbá tí mo ṣe táǹkì ẹja olómi iyọ̀ sí pálọ̀ wọn ní Adó-Èkìtì ni. Wọn ò tiẹ̀ dúró kí n kí wọn. "Pọ́ḿbà, omi ti kún ulé o!" Wọ́n gé fóònù. Nígbà tí mo débẹ̀, rọ́ọ̀gì ti mu omi yó, ọmọ-ọmọ wọn ń bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, Bàbá fúnra wọn dúró pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń tàn án sí ìdí páìpù kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ejò. Kò sí páìpù tó bẹ́. Kò sí dígí tó sán. Àwọn ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lọ ní tiwọn. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti mú iná lọ.

Èmi ni mo jẹ̀bi, n ò sì ní fi bò. Orí kànga ẹ̀rọ, ilé ìwẹ̀ àti táǹkì orí òpó ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nínú gbogbo ìyẹn, bí iná bá lọ, omi á dúró síbi tó wà, ẹ ó kàn máa retí iná ni. Ti táǹkì ẹja ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí pọ́ǹpù bá dákẹ́ gan-an ni omi máa ń rìn. Láti òru ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé kí n wá to páìpù irú táǹkì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bí omi yóò ṣe gòkè ni mo kọ́kọ́ ń rò. Ibi tí yóò gbà nígbà tí iná bá lọ ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, a kúkú mọ̀ pé yóò lọ.

Bó ṣe rí nìyí. Táǹkì méjì ni. Ti òkè ni dígí tí àlejò ń wò. Ti ìsàlẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó gbé e, ibẹ̀ ni àsẹ́ àti pọ́ǹpù wà. Omi òkè ń kún dé etí àpótí kékeré kan ní igun dígí, ó ń dà sínú rẹ̀, ó sì ń gba páìpù sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á, ìwúwo rẹ̀ ló ń mú un wá. Pọ́ǹpù á wá gbé e padà sókè. Ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ kan, ọ̀nà àgòkè kan. Iye tó bá gòkè náà ló ń sọ̀kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú omi òkè fi máa ń dúró sójú kan.

Ẹnu páìpù tó ń dá omi padà sókè wà lábẹ́ omi. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, omi inú páìpù yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálẹ̀, á sì máa fa ti inú dígí tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti fi rọ́bà fa epo látinú táǹkì mọ́tò rí mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ fẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan, ó di kó máa dà fúnra rẹ̀ títí ẹnu rọ́bà tó wà lókè yóò fi jáde kúrò nínú epo. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi dígí yóò ṣe máa wálẹ̀ títí yóò fi tó ọ̀gangan ẹnu páìpù, kí afẹ́fẹ́ tó wọlé já a.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Dígí Bàbá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 200, ó fẹ̀ ní 70, ó sì ga ní 70. Bó bá kún dé ẹnu, lítà 980 ni. Tí ẹ bá sọ 200 di ọ̀nà 70, ẹ ó rí i pé sẹ̀ǹtímítà kan péré tí omi bá fi wálẹ̀, lítà 14 ti bọ́ sí ìsàlẹ̀. Èmi, torí pé mo fẹ́ kí omi máa yí dé ìdí òkúta, ti ẹnu páìpù bọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 15. Lítà 210 nìyẹn. Àyè tí mo fi sílẹ̀ nínú táǹkì ìsàlẹ̀ kò sì ju lítà 80 lọ. Lítà 130, tó ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 márùn-ún lọ, ló bọ́ sórí rọ́ọ̀gì. Èkìtì kò bá òkun pààlà, ńṣe ni a ń ra iyọ̀ òkun tí a fi ń po omi náà, gíráàmù 35 sí lítà kan. (Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o.) Ìyẹn ni pé kílò iyọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ ló bá omi ọjọ́ náà lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Mo gé páìpù náà kúrú, mo gbé ẹnu rẹ̀ sókè kó má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ lábẹ́ omi. Lítà 28 ni yóò máa padà báyìí, ẹ fi ti inú páìpù àti ìwọ̀nba tó ń ṣàn kọjá etí àpótí kún un, àyè lítà 80 yẹn gbà á, ó tún ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà mo fi dìrílì lu ihò kékeré kan sí ara páìpù, díẹ̀ báyìí sí abẹ́ ojú omi, kí afẹ́fẹ́ lè tètè wọlé. Ṣùgbọ́n n kì í gbọ́kàn lé ihò náà nìkan. Nǹkan ewé tútù tó máa ń yọ̀, irú èyí tó ń bo ara kànga, fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀, á sì dí i pa láàárín oṣù kan. Ẹ máa fi igi ìtayín tú u.

Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé, "Ṣé non-return kò lè ṣe é ni?" Fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn ni wọ́n ń sọ. Lórí kànga ẹ̀rọ, mo fọkàn tán an. Nínú omi iyọ̀, nǹkan líle funfun bí ẹfun máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ sì máa ń wọ inú rẹ̀ jókòó. Ìgbín kan tó tó ẹyọ ìrẹsì ti tó láti má jẹ́ kó pa dé. Èmi kì í lò ó níbí. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ nígbà tó bá ń ṣírò àyè.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Bí páìpù ìsọ̀kalẹ̀ bá dí tí iná sì wà, pọ́ǹpù ò mọ̀, yóò máa gbé omi lọ sókè títí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò fi tán. Nítorí náà, mo máa ń dá yàrá pọ́ǹpù sọ́tọ̀ nínú táǹkì ìsàlẹ̀, kí omi inú rẹ̀ má ju ohun tí dígí òkè lè gbà kó tó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí ojú omi bá fi sẹ̀ǹtímítà 4 jìnnà sí etí dígí Bàbá, lítà 56 ni àyè tó wà lókè. Lítà 50 ni mo fún pọ́ǹpù. Páìpù ìsọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Èyí àkọ́kọ́ ní géètì fáàfù tí ẹ ó máa fún díẹ̀díẹ̀ títí ariwo omi tó dà bíi ti ẹni tó ń fọ ẹnu yóò fi dákẹ́. Èkejì ga jù ú lọ, ó gbẹ lójoojúmọ́, a kì í fi fáàfù sí i láéláé. Ọjọ́ tí ìgbín bá lọ sùn sẹ́nu ti àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Idẹ ló kàn, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mí ju ti rọ́ọ̀gì lọ. Láàárín àwa pọ́ḿbà, fáàfù onídẹ ni a fi ń mọ ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣelà. Ó wúwo, ó ń tọ́jọ́. Mo fi ọ̀kan sí ọ̀nà àgòkè Bàbá, mo tún ń fi yangàn. Kò pẹ́ rárá tí edé fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìgbín fà wọlé, wọn ò jáde mọ́. Iyùn náà ká jọ. Àwọn ẹja nìkan ni ara wọn yá, ìyẹn ló sì tàn wá jẹ. Bàbà ló wà nínú idẹ, omi iyọ̀ á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tójú ò lè rí nínú omi ti tó pa edé, ìgbín àti iyùn. Ẹja ń fara dà á jù wọ́n lọ, débi pé bàbà wà lára oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara ẹja, nínú táǹkì ọ̀tọ̀. Iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, egungun irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó wà nínú dígí ṣì ń mí, kò sì fẹ́ idẹ nítòsí.

Irin náà kò dára níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi síńkì bò lára ń tú síńkì sómi, ó sì ń dípẹtà. Síléèsì tí wọ́n ní kì í dípẹtà pàápàá, omi iyọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi. Ohunkóhun tó bá máa kan omi yìí, rọ́bà ni kó jẹ́, títí kan kílíìpù tó di hóòsì mú.

Ní ti pọ́ǹpù, ẹ má gba nọ́ńbà ara páálí gbọ́. Bí wọ́n bá kọ lítà 10,000 ní wákàtí kan síbẹ̀, ìgbà tí kò gun òkè kankan nìyẹn. Ẹ wo àwòrán ìlà tó ń dà sílẹ̀ lára páálí kan náà, ẹ wá ìwọ̀n gíga tiyín, ẹ wo iye tó kù. Fún dígí Bàbá, lítà 5,000 tó dé òkè gan-an ni mo fẹ́, ìyẹn bí ìlọ́po márùn-ún omi rẹ̀ ní wákàtí. Àwọn kan ń lé e dé mẹ́wàá. Ariwo àti ìfófòó ni mo máa ń rí níbẹ̀. Bí ẹnu pọ́ǹpù bá jẹ́ ínṣì 1, ẹ fi páìpù ínṣì 1¼ gbé e lọ. Níbi tí páìpù bá ti fẹ́ yà, ẹ́líbò méjì tó tẹ̀ díẹ̀ sàn ju ọ̀kan tó ṣẹ́ gbọnrangandan lọ. Ẹ fi yúníọ̀n sí iwájú àti ẹ̀yìn pọ́ǹpù tó bá wà níta, kó lè ṣeé yọ láìfi ayùn gé nǹkan. Tí ẹ bá sì fẹ́ dín omi kù, ọ̀nà tó ń jáde ni kí ẹ ti dín in, ẹ má fún un lọ́fun níbi tó ti ń mu.

Nígbà tí ẹ bá ń rajà, ẹ mú páìpù dání lọ. Páìpù ínṣì 1 fẹ̀ díẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ mìlímítà 32 sí lọ, kò pé mìlímítà méjì, ṣùgbọ́n wọn kì í wọ ara wọn. Mo ti bá ibi tí ẹnìkan fi gọ́ọ̀mù dí àlàfo yẹn bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Ó jò.

Àwa pọ́ḿbà ní àṣà kan: a ó fi iná yan ẹnu páìpù títí yóò fi rọ̀, a ó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Fún omi ìdọ̀tí ilé ìwẹ̀, kò burú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é níbí. Ẹnu tí iná ti yọ́ ti tín-ín-rín, kò sì rí rogodo mọ́. Sókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń so páìpù méjì pọ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ gé páìpù kó dọ́gba, ẹ ha etí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tò ó láìsí gọ́ọ̀mù kí ẹ fi máàkì sí i. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù pa méjèèjì, ẹ tì í wọlé, ẹ yí i díẹ̀, ẹ dì í mú kí ẹ ka 30. Ọmọṣẹ́ mi kan fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí kan, ó ní, "Ọ̀gá, ó ti gbẹ." Mo ní ojú ẹ̀kọ máa ń dì, inú rẹ̀ á ṣì máa jóni. Wákàtí 24 ni a fi sílẹ̀.

Omi kànga lásán ni mo fi ń dán an wò kí a tó dà á nù, kí a tó fi omi iyọ̀ sí i. Bí iyọ̀ bá ti wà níbẹ̀, ibi tó bá ń jò á fúnra rẹ̀ sọ: iyọ̀ funfun á gbá jọ sí oríkèé páìpù. Ẹ sì jẹ́ kí wáyà iná tẹ̀ wálẹ̀ ju sókẹ́ẹ̀tì ògiri lọ kó tó gòkè wọ̀ ọ́, kí omi tó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀ dípò kó wọ inú iná.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń ní kí onílé fọwọ́ ara wọn pa pọ́ǹpù. A ó dúró. Omi dígí á wálẹ̀ díẹ̀, ihò kékeré yẹn á gbé afẹ́fẹ́ mì, "gbọ́lọ̀", gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Nígbà tí pọ́ǹpù bá ṣì wà ní pípa, mo ń bu omi sí táǹkì ìsàlẹ̀ títí yóò fi ku ìka méjì kó kún. Mo tan pọ́ǹpù, omi ìsàlẹ̀ á fà, ibi tó bá dúró sí ni mo ń lẹ téèpù pupa mọ́. Bàbá ti fi bírò kọ ọ́ sára tiwọn pé, "Má kọjá ibí." Ọmọ-ọmọ wọn ló ń bu omi sí i báyìí, omi tí kò ní iyọ̀, torí omi nìkan ni ooru ń gbé lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ.