Kámẹ́rà aláìnídígí ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àti kámẹ́rà superzoom olówó pọ́ọ́kú

Kámẹ́rà aláìnídígí, èyí tí àwọn ayàwòrán sábà máa ń pè ní mirrorless, àti kámẹ́rà superzoom jẹ́ oríṣi kámẹ́rà méjì tí àwọn èèyàn máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya ohun tó jìnnà: ẹyẹ orí igi, ẹranko inú igbó, agbábọ́ọ̀lù lórí pápá, òṣùpá lójú ọ̀run. Kámẹ́rà aláìnídígí ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní sẹ́ńsọ̀ ńlá, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sì ń sọ ọ́ di àwòrán, lẹ́ńsì rẹ̀ sì ṣeé yọ kí a fi òmíràn sí i. Superzoom ní tirẹ̀ ní sẹ́ńsọ̀ tí kò tó èékánná ìka kékeré, lẹ́ńsì kan ṣoṣo tí kì í kúrò lára rẹ̀ ló sì fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́, látorí yíya odindi yàrá títí dórí fífa ohun tó wà lọ́nà jíjìn réré súnmọ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kì í dúró sójú kan. Ó máa ń pọ̀ gan-an nínú ilé àti níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti tó. Bí oòrùn bá mọ́lẹ̀ dáadáa, tí ohun tí à ń yà jìnnà, tí kò sì mira, ìyàtọ̀ náà á kéré débi pé ó lè ya akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá ń ka iye ìlọ́po súùmù nìkan, ìyẹn iye ìgbà tí lẹ́ńsì lè mú nǹkan tóbi ju bó ṣe rí kí a tó fà á súnmọ́, kò ní rí èyí.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀

Kámẹ́rà SLR, irú tó wà ṣáájú aláìnídígí, ní dígí kan níwájú fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀. Dígí yìí ló ń darí ìmọ́lẹ̀ lọ sí ihò tí ayàwòrán ń yọjú wò. Bó bá ti tẹ bọ́tìnì, dígí á ká sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè ráàyè kọjá. Nínú kámẹ́rà aláìnídígí, ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sára sẹ́ńsọ̀ tààrà, ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń rí ló sì ń hàn lórí síkírìnì kékeré tó wà nínú ihò náà. Panasonic Lumix G1 tó jáde ní 2008 ni kámẹ́rà àkọ́kọ́ nínú ètò Micro Four Thirds, ètò kámẹ́rà aláìnídígí tí sẹ́ńsọ̀ wọn kéré sí full-frame. Sony α7 gbé sẹ́ńsọ̀ full-frame, èyí tó tóbi tó ojú fíìmù 35mm, wọ inú irú kámẹ́rà yìí ní 2013. Ní 2017 ni Sony mú α9 jáde, tí àwọn tó ń ya eré ìdárayá bẹ̀rẹ̀ sí í fojú gidi wo kámẹ́rà aláìnídígí. Nígbà tí 2021 fi máa parí, Sony α1, Nikon Z9 àti Canon EOS R3 ti jáde, Canon EOS R1 sì tẹ̀ lé wọn ní 2024.

Ìdíje tàwọn tó ń ṣe superzoom dá lórí ìlọ́po. Canon PowerShot SX50 HS dé ìlọ́po 50 ní 2012. Nikon Coolpix P900 dé 83 ní 2015, nígbà tó sì di 2018, Coolpix P1000 ti dé 125. Fóònù ti gba ọjà mọ́ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kéékèèké lọ́wọ́, àmọ́ superzoom ṣì wà, torí pé kò sí àyè lára fóònù fún lẹ́ńsì tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ àti ìmọ́lẹ̀

Sẹ́ńsọ̀ full-frame, irú èyí tó wà nínú Z9 àti α1, jẹ́ mìlímítà 36 ní òró àti 24 ní ìbú. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní 1/2.3, tó wà nínú ọ̀pọ̀ superzoom, jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 6.2 ní òró àti 4.6 ní ìbú. Bí a bá ṣírò bí ojú wọn ṣe fẹ̀ tó, ti ńlá tó ìlọ́po 30 ti kékeré.

Ká ní a fẹ́ fi kámẹ́rà méjèèjì ya yàrá kan náà láti ojú kan náà. A sún lẹ́ńsì méjèèjì sí ibi tó ń rí ohun tí lẹ́ńsì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 24 máa ń rí lára full-frame (bí gígùn yìí bá ṣe pọ̀ tó ni ibi tí lẹ́ńsì ń rí ṣe ń tóóró), a ṣí méjèèjì sí f/2.8 (nọ́ńbà f ni gígùn lẹ́ńsì tí a pín sí ìbú ihò rẹ̀), a sì jẹ́ kí ṣọ́tà wọn, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé sẹ́ńsọ̀, ṣí fún àkókò tó dọ́gba. Nọ́ńbà f kan náà ni, síbẹ̀ ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kò dọ́gba rárá. Gígùn gidi lẹ́ńsì P1000 ní ibi tó fẹ̀ jù yìí jẹ́ mìlímítà 4.3. Bí a bá pín in sí 2.8, ihò náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1.5 lọ. Lára full-frame, 24 ni a ó pín sí 2.8, a ó sì rí bíi mìlímítà 8.6. Ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ńlá kó jọ láti inú yàrá náà fi bí ìlọ́po 30 ju ti kékeré lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ méjèèjì bá jẹ́ ti ìmọ̀ ẹ̀rọ kan náà, ohun tí kékeré lè ṣe ní ISO 100 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ńlá lè ṣe ní ISO 3200 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó gbà).

Ohun tó fà á nìyí tí fọ́tò ìgbéyàwó inú gbọ̀ngàn tí a fi superzoom yà fi máa ń ṣe hóró-hóró, bí ẹni pé iyanrìn wà lójú rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá sì gbìyànjú láti pa hóró náà rẹ́, á pa irun orí, ìlà aṣọ àti ojú awọ rẹ́ mọ́ ọn. Kò sí ọgbọ́n tí ayàwòrán lè dá sí i ju pé kó wá iná kún iná tó wà níbẹ̀ lọ.

Sẹ́ńsọ̀ náà ló tún ń pinnu bí ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí à ń yà ṣe máa rí bàìbàì tó. f/2.8 lára superzoom ń ṣe bíi f/16 lára full-frame ní ti pé gbogbo nǹkan, níwájú àti lẹ́yìn, ló máa hàn kedere. Ẹni tó ń ya ojú èèyàn kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń ya kòkòrò tàbí òdòdó látòsí, oore ni: P1000 lè súnmọ́ nǹkan tó sẹ̀ǹtímítà kan, ara kòkòrò náà á sì hàn kedere ju bí lẹ́ńsì ńlá tí a kò dín ihò rẹ̀ kù ṣe lè ṣe lọ.

Ohun tí mìlímítà 3000 ń sọ

Nínú ìpolówó, lẹ́ńsì P1000 dé mìlímítà 3000. Ohun tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì náà gan-an ni 4.3–539mm. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. 3000 ń sọ bí ibi tí lẹ́ńsì ń rí ṣe tóóró tó, bí ẹni pé a fi lẹ́ńsì mìlímítà 3000 sára full-frame. Kò sọ nǹkan kan nípa ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé.

Fún ohun tó jìnnà, ìbú ihò lẹ́ńsì ló yẹ ká béèrè. Ní òpin súùmù rẹ̀, P1000 wà ní f/8. 539 tí a pín sí 8 jẹ́ mìlímítà 67. Lẹ́ńsì 600mm f/4 tí àwọn tó ń ya eré ìdárayá àti ẹranko igbó ń gbé kiri ní ihò tó jẹ́ mìlímítà 150. Láti ara ẹyẹ kan náà, láàárín àkókò kan náà, lẹ́ńsì ńlá yẹn ń kó ìmọ́lẹ̀ tó tó ìlọ́po 5 ti P1000. Ìlọ́po 30 tó wà nínú yàrá ti di 5. Bó bá jẹ́ lẹ́ńsì Sony 200–600mm tó ń dúró ní f/6.3 ni a fi wé e, ihò tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 95, ìyàtọ̀ náà kò sì ju ìlọ́po 2 lọ. Kì í ṣe gbogbo superzoom ló tó bẹ́ẹ̀ o. Canon PowerShot SX70 HS ti 2018, tó ń dé ìlọ́po 65, ní ihò tó tó mìlímítà 38 péré ní òpin súùmù rẹ̀, lẹ́ńsì 600mm f/4 sì fi bí ìlọ́po 15 jù ú lọ.

Òṣùpá àti ẹyẹ inú ibòji

Òṣùpá fẹ̀ tó ìdajì dígírì kan lójú ọ̀run. Ní òpin súùmù P1000, ibi tí kámẹ́rà ń rí láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò tó ìdajì dígírì, nítorí náà òṣùpá á kún àwòrán débi pé etí rẹ̀ á yọ síta. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tàn sára òṣùpá, òṣùpá àrànmọ́jú sì mọ́lẹ̀ tó láti yà ní f/8, ISO 100, kí ṣọ́tà ṣí fún nǹkan bí ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú àáyá. ISO kò ga, hóró kò sí, òṣùpá kò sì sáré. Ibí yìí ni superzoom ti ń yangàn, ó sì tọ́ sí i.

Full-frame tó ní mẹgapíksẹ́lì 45.7 àti lẹ́ńsì 600mm á fi píksẹ́lì (ojú kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) bíi 1,250 ya ìbú òṣùpá. Ti P1000 á lé ní 3,500. Àmọ́ a kò gbọ́dọ̀ ka gbogbo píksẹ́lì yẹn sí àlàyé gidi. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ihò kọjá, ó máa ń fọ́n ká díẹ̀, àti pé ní f/8, ojú ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo á tàn ká orí bíi píksẹ́lì 8 lórí sẹ́ńsọ̀ tí píksẹ́lì rẹ̀ kéré tó ti P1000. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ihò ńlá orí òṣùpá, òkè àti òjìji wọn á hàn kedere, láti inú kámẹ́rà tí owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti lẹ́ńsì 600mm f/4 nìkan.

Ẹyẹ tó wà lábẹ́ ibòji ewé yàtọ̀ sí èyí. Bó bá fò, ṣọ́tà gbọ́dọ̀ yára tó ìdá kan nínú 2,000 ìṣẹ́jú àáyá kí ìyẹ́ rẹ̀ má baà dà rú. Ní f/8, ISO á ga dé agbègbè 3200, ibi tí sẹ́ńsọ̀ kékeré ti ń jìyà. Lẹ́ńsì f/4 lára full-frame á ya ẹyẹ náà ní ISO 800, níbi tí ara sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ṣì tutù pẹ̀sẹ̀.

Fókọ́ọ̀sì àti ìyára

Ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ló ń mú kí ẹyẹ náà bọ́. Ọ̀pọ̀ superzoom olówó pọ́ọ́kú ń wá fókọ́ọ̀sì nípa sísún lẹ́ńsì síwá sẹ́yìn títí àwòrán á fi mọ́ kedere; kámẹ́rà kò mọ ọ̀nà tó yẹ kó sún sí àfi tó bá ti sún un. Lórí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà aláìnídígí ti òde òní, àwọn píksẹ́lì kan wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ apá ọ̀tún àti apá òsì lẹ́ńsì wéra, tí wọ́n sì ń sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ibi tí ó yẹ kí lẹ́ńsì sún sí àti bó ṣe máa jìn tó. Wọ́n ti kọ́ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ láti dá ojú èèyàn, ẹranko, ẹyẹ àti ọkọ̀ mọ̀, á sì máa tẹ̀ lé e kiri.

Z9 lè ya fọ́tò RAW, ìyẹn fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, α1 lè ya 30. Sony α9 III, tí wọ́n kéde ní 2023, dé 120, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sì ń ka gbogbo píksẹ́lì lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé igi gọ́ọ̀fù tí wọ́n ń fì kì í tẹ̀ nínú fọ́tò. P1000 lè ya bíi 7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà á dúró kó tó lè kọ wọ́n sínú káàdì. Àkókò ìdúró yìí gan-an ni góòlù máa ń wọlé.

Ìṣòro mìíràn ni pé ní òpin súùmù, ibi tí kámẹ́rà ń rí tóóró débi pé bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ohun tí à ń wò á sọnù. Nikon fi bọ́tìnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì P1000: bí a bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́ńsì á fà sẹ́yìn kí a lè rí ibi tí ẹyẹ wà, bí a bá sì fi í sílẹ̀, á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Iye ẹyẹ tí ẹni tó bá mọ bọ́tìnì yìí lò máa pàdánù á kéré gan-an.

Ìwúwo àti ara

Kì í ṣe gbogbo superzoom ló fúyẹ́. SX70 HS wúwo tó gíráàmù 610, P1000 tó 1,415, èyí tó ju Z9 lọ, tó jẹ́ 1,340. Ṣùgbọ́n Z9 kò tíì ní lẹ́ńsì lórí níbẹ̀ yẹn. Lẹ́ńsì Nikon Z 600mm f/4 ti 2022 jẹ́ gíráàmù 3,260, àpapọ̀ wọn á sì lé ní kìlógíráàmù 4 àbọ̀. Wọ́n dí ara Z9 kí òjò àti eruku má baà ráàyè wọlé. Wọn kì í sábà dí ti superzoom olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́

Ohun kan wà tí owó kò lè rà. Lọ́sàn-án gangan, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbéra láti ilẹ̀ máa ń mú kí àwòrán ohun tó jìnnà máa gbọ̀n, kó sì rọ̀. Lẹ́ńsì tó wọ́n jù lọ láyé kò lè tún un ṣe, bí a bá sì ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ sí i ni ó ń hàn sí i. Àárọ̀ kùtù ló dára jù fún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kó tó di pé ilẹ̀ gbóná. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra superzoom tó ń sọ pé lẹ́ńsì rẹ̀ kò mọ́, afẹ́fẹ́ ló ń bá jà.

Àwọn tó wà láàárín

Sony RX10 IV ti 2017 ní lẹ́ńsì tí kì í yọ bíi ti superzoom, àmọ́ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 13.2 ní òró àti 8.8 ní ìbú, ó sì ní irú píksẹ́lì fókọ́ọ̀sì tó wà lára kámẹ́rà aláìnídígí. Lẹ́ńsì rẹ̀ dé mìlímítà 600 ní ìwọ̀n full-frame, ihò rẹ̀ sì tó mìlímítà 55 níbẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti olówó pọ́ọ́kú mọ́. Ọ̀nà kejì ni kámẹ́rà Micro Four Thirds pẹ̀lú lẹ́ńsì Panasonic 100–400mm tó jáde ní 2016: ihò rẹ̀ ní òpin súùmù jẹ́ bíi mìlímítà 63, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti P1000 dọ́gba, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, a lè yọ ọ́ kúrò kí a fi lẹ́ńsì kékeré f/1.7 sí i láti ya inú ilé.