16, nọ́ńbà tó jẹ́ 2 nìkan ló wà nínú ẹ̀

Ẹni tó bá ti rí báwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ṣe ń ká aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró ti rí 16 lójúkojú, bóyá ò kàn fọkàn sí i ni. Ẹ mú aṣọ funfun kan, ẹ ká a sí méjì, ó di ìpele 2, ẹ tún un ká, 4, ẹ tún un ká, 8, ẹ̀ẹ̀kẹrin, 16. Tí wọ́n bá wá fi ìko di ojú kan ṣoṣo pinpin lára ẹ̀, tí aró sì ráyè wọlé dáadáa, ìgbà tí wọ́n bá tú u tán, ojú 16 ni funfun máa wà lára aṣọ yẹn.

Orúkọ ẹ̀ ò sọ ìyẹn fún wa, mẹ́rìndínlógún, 4 dín nínú 20, ìyọkúrò lorúkọ ń sọ, àmọ́ ìdajì lórí ìdajì ni nọ́ńbà yìí fúnra ẹ̀. Ẹ pín in sí méjì, 8, ẹ tún un pín, 4, 2, títí tó fi máa ku 1, kò ní há sójú ọ̀nà. Ẹ gbé 12 wò bẹ́ẹ̀, 6 lẹ máa bá, lẹ́yìn ìyẹn 3, ó ti há nìyẹn. Torí ẹ̀ ló fi jẹ́ pé 1, 2, 4, 8 àti 16 fúnra ẹ̀ nìkan ló lè pín 16 láìṣẹ́kù, kò sí 3, kò sí 5, kò sí odd number kankan níbẹ̀ àfi 1. Ẹ wá ro 1, 2, 4 àti 8 pọ̀, 15 ni, ẹyọ kan péré ló kù kó pé! 6 pé ní tiẹ̀, 1, 2 àti 3, ṣùgbọ́n ẹyọ kan yìí náà ló ń dín lára 8, òun náà ló ń dín lára 32.

Èyí tó wá dùn jù nìyí. 7 àti 8 ló para pọ̀ di 15. 8 àti 9, 17. 5, 6 àti 7, 18. Ti 16 ò ṣeé ṣe, láti 1 lọ sókè, kò sí nọ́ńbà odidi tó tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè rò pọ̀ kó di 16, torí pé odd number tó ju 1 lọ gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó ń pín nọ́ńbà kan kírú ẹ̀ tó lè ṣẹlẹ̀, 16 ò sì ní in.

Àwọn babaláwo ti ń lo ìṣirò yìí tipẹ́. Ìlà mẹ́rin ló wà lápá kan odù, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, 2×2×2×2, ìdí tí ojú odù fi jẹ́ 16 nìyẹn. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ wá ní apá ọ̀tún àti òsì, 16 pàdé 16, ó di 256. Ọ̀nà yìí náà ni kọ̀ǹpútà ń gbà, bit mẹ́rin tó jẹ́ 0 tàbí 1, ọ̀nà 16, bit mẹ́jọ, 256.

Ẹ tún wo 2×2×2×2 yẹn, 2 mẹ́rin ni, ẹ dà á kọ kó di 4 méjì, 4×4, 16 náà ni. Ẹ ṣe é fún 2 àti 3, 2×2×2 jẹ́ 8, 3×3 jẹ́ 9, wọn ò bára mu. Nínú gbogbo nọ́ńbà odidi láti 1 lọ sókè, 2 àti 4 nìkan ni méjì tí ò jọra tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

4×4 náà ló máa ń yọ lára aṣọ. Aṣọ tó gùn ní yáàdì 4 tó sì fẹ̀ ní yáàdì 4, tí wọ́n bá fẹ́ rán etí ẹ̀ yíká, yáàdì 16 ni, inú ẹ̀ náà sì gba ègé 16 tó jẹ́ yáàdì kan lóròó yáàdì kan níbùú. Tó bá jẹ́ yáàdì 3, etí 12, inú 9. Yáàdì 5, etí 20, inú 25.